Ọyún Tí Funfun Báláú Fọ̀ Dànù

Kò sí alágbàfọ̀ tó mọ́ tó Funfun Báláú láyé yìí, àfi bóyá lọ́run, ibẹ̀ náà ò sì dájú. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá jáde lọ́wọ́ ẹ̀, tí oòrùn bá kọlù ú, àwọn tó ń kọjá lójú títì á máa fọwọ́ bojú. Tí Funfun bá ń yẹ aṣọ wò, á di ojú òsì pa, á fi ti ọ̀tún wo kọ́là. Àbàwọ́n tí ò tó ojú abẹ́rẹ́, ojú ọ̀tún yẹn á mú un bí àṣá ṣe ń mú òròmọdìẹ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn oníbàárà ẹ̀ wò.

Imú ẹ̀ ni ò jẹ́ ká gbádùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé báńkì kan wọlé, ó sì da aṣọ ẹ̀ sórí tábìlì.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná."

Funfun gbé e sí imú. Ó fà á símú, ó tún fà á. Òfo.

"Ó mọ́ kẹ̀!"

"Ó mọ́ lójú, mà. Ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ẹsẹ̀ tó sun inú bàtà òjò mọ́jú."

Aṣọ tí ò gbẹ tán ló ti ká, kò sì gbọ́ òórùn ẹ̀. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀.

Ọkọ ẹ̀, bíríkìlà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọkùnrin yìí ò dákẹ́ rí, kódà tó bá ń sùn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé mi ò wí? Imú yìí ti di fèrèsé ilé àkọ́kù. Ó wà lára ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣí."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti ń rákò ni imú yẹn ti ń dí, ọmọ ọ̀hún ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Orí ń fọ́ ọ níwájú bí ẹni ń fi òòlù kàn án. Ojú ń wúwo. Ikun tó nípọn, tó láwọ̀ ewé, ń ṣàn gba ọ̀fun. Kápúsù apakòkòrò tó ti gbé mì, bí ẹ bá mì í jìgìjìgì, inú ẹ̀ á máa dún ṣákáṣáká. Bí ara bá sì ti fúyẹ́ díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á da èyí tó ṣẹ́kù sínú agolo ọṣẹ. "Ọjọ́ ń bọ̀," ni yóò wí.

Àbùkù aṣọ akọ̀wé yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà imú, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bíríkìlà bá a lọ.

"Mà, àwọn yàrá kéékèèké kan wà nínú egungun ojú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú àti lókè ojú. Ẹnu ọ̀nà wọn ló wú pa nínú yín, ọyún wá há síbẹ̀. Oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí ló lè máa gbé níbẹ̀. Ògùn tó ń pa tibí lè má ran tọ̀hún. Mo fẹ́ mú díẹ̀ nínú ọyún yẹn lọ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n á gbìn ín, á hù, a ó sì mọ ọ̀tá tá à ń bá jà."

"Ẹ máa gbìn ín bí àgbàdo?" Bíríkìlà ló bi í.

"Bí àgbàdo gan-an, sà. Ẹ sì mọ̀ pé àgbàdo yíyan kì í hù. Nítorí náà, mà, ẹ má fọwọ́ kan ògùn apakòkòrò kankan kó tó dọjọ́ tá a máa dá láti mú ọyún náà. Bí ojú bá wú tàbí tí ibà bá gbé yín, ẹ má dúró dọjọ́ náà o, ẹ máa bọ̀ kíá."

"Ṣé kí n fọn ikun sínú tíṣù wá ni?"

"Rárá, iwájú imú nìyẹn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó níná lórí ni màá fi wọlé, títí débi tí ọyún ti ń jáde."

Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wọ Funfun létí ọ̀tún, ó bá tòsì jáde. Iná nìkan ló dúró.

"Iná!" Nígbà tí wọ́n padà délé, ó ń lọ aṣọ, ó ń bínú. "Kí ọmọ yẹn tanná wo ìdọ̀tí nínú imú èmi Funfun Báláú?"

"Ìyàwó mi, imú ni, kì í ṣe pálọ̀."

"Ibi tí àlejò bá ti máa wọ̀, pálọ̀ ni."

Ló bá ṣí agolo ọṣẹ. Láàárọ̀, kápúsù. Lálẹ́, kápúsù. Ó fi omi iyọ̀ fọ ihò imú bí ẹni fọ kọ́là. Bíríkìlà rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí o má gbàgbé láti lọ̀ ọ́ o."

Nígbà tí ọjọ́ pé, dókítà wọlé pẹ̀lú ọ̀pá oníná. Ó wò ó pẹ́.

"Mà, ṣé ẹ lo nǹkan kan ni?"

"Èmi? Rárá o!"

Dókítà wo ọkọ. Ọkùnrin tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ wá ń wo bàtà ara ẹ̀.

Ohun tó kù níbẹ̀ ni wọ́n mú. Wọ́n gbìn ín. Nǹkan kan ò hù.

"Mà, pé kò hù ò ní kó má sí níbẹ̀. Ara yín ò tíì yá. Ẹ jẹ́ ká dá ọjọ́ mìíràn."

Funfun ò gbọ́ ju "kò hù" lọ. Ó délé, ó polongo ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò: "Wọ́n wá a tì! Mo mọ́ tinú tòde!" Kò padà lọ mọ́.

Ògùn àjẹkù ti pa àwọn ọ̀lẹ inú kòkòrò yẹn. Ó ku àwọn ògbójú. Nígbà tó yá, Funfun jí, ìpéǹpéjú ọ̀tún ti wú bò ó. Tó bá fipá là á, okùn aṣọ kan ń di méjì.

"Ìyàwó mi, jẹ́ ká lọ nísinsìnyí!"

"Aṣọ akọ̀wé ò tíì gbẹ. Ẹ fẹ́ kó tún wá bú mi?"

Ó dúró títí aṣọ fi gbẹ. Ó gbóòórùn ẹ̀, kò gbọ́ nǹkan, ó tún sá a pa dà. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ibà ti jẹ́ kó máa sọ ìsọkúsọ, ọyún sì ti ya lọ sẹ́yìn ojú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n mú ọyún, wọ́n gbìn ín, ó hù. Ògùn tó kápá ẹ̀ jáde, ó sì gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Ní ti ojú ọ̀tún, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó fọ́.

"Ògùn yìí ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa látọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá," dókítà wí, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "A ò kàn mọ̀ pé òun ni."

Bíríkìlà la ẹnu. "Mo rí i tó ń lò ó. Ẹ wò mí lójú lọ́jọ́ yẹn, mo dákẹ́."

Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà. Akọ̀wé ti gbé aṣọ ẹ̀ lọ síbòmíì. Funfun dúró lábẹ́ okùn, ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè, ó fi ojú òsì tí ò mú tẹ́lẹ̀ wò ó.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ó mọ́?"

Àbàwọ́n kan wà ní kọ́là, ó tó bọ́tìnì.

"Ó mọ́," ọkọ ẹ̀ wí. Kò fi yẹ̀yẹ́ kankan kún un.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀fìnkìn tó bá pẹ́, tó ń bá orí fífọ́ àti ọyún rìn, ẹ má fi kápúsù àjẹkù tì í. Bí dókítà bá fẹ́ mú ọyún fún àyẹ̀wò, ẹ bi í léèrè ohun tẹ́ ẹ lè lò ṣáájú àtohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dáwọ́ ẹ̀ dúró. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣèèṣì lò ó, ẹ jẹ́wọ́. Wọn ò ní lù yín, ọjọ́ mìíràn ni wọ́n á dá. Àyẹ̀wò tí ò rí nǹkan kì í ṣe ìwé ìdáláre, ẹ padà lọ. Ojú wíwú, rírí nǹkan ní méjì, ibà pẹ̀lú orí fífọ́ tó le, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró de aṣọ tó ń gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ lé aláìsàn lọ, bó bá purọ́, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà.

Kò sí ìtìjú nínú ìdọ̀tí téèyàn bá fi han dókítà. Èyí tá a bá fọ̀ mọ́ kó tó rí i ló ń gba ojú lọ́wọ́ ẹni.