Ẹsẹ̀ Olórí Lékeléke

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró. N kì í mutí, etí mi ò sì di. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wà nínú Bíbélì mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́ta ni mo rà. Ẹ̀kẹrin, n kò rà á. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá wò ó nílé mi ní Ìsọlọ̀.

Babáṣọlá Adéyẹyè lorúkọ mi. Akọ̀wé ni mí nílé ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n mo lo ọdún mẹ́fà ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni báléè ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ẹ́, ijó àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ jó. Òkè téńté nínú gbọ̀ngàn ijó ni mo máa ń dúró sí, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ò ti wọ́n, tí ọrùn á máa ro mí. Mo mọ ẹni tí ipò tọ́ sí. Mo sì mọ ẹni tí wọ́n kàn ń gbé gẹ̀gẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Èkó, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi mí ṣe. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Owó epo ti dé, oníkálukú ń ra mọ́tò, wọ́n ń ra tẹlifíṣọ̀n, èmi ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń fi ìka ẹsẹ̀ jó.

Ọdún 1976 ni Àǹtí Kúnbi, tí òun náà ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní báléè nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí ilé wa. Mo mú ọmọ mi kan ṣoṣo lọ, Adéjùmọ̀kẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, ijó ló ń jó. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ìyá rẹ̀ ń fi òróró pa á, kò sunkún. Nígbà tó yá, Àǹtí Kúnbi dá ijó kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ijó àwọn ẹyẹ lékeléke. Ó dúró lójú gbogbo òbí, ó ní Jùmọ̀kẹ́ ni yóò ṣe olórí lékeléke. Mo fẹ́ rí ọmọ mi níbi tó ti ń jó ijó yẹn. Lọ́dún yẹn, kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ jó o, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà àkọ́kọ́, ìjókòó keje. Felicia ìyàwó mi ní ṣé èmi nìkan ni mo bímọ ni. Mo ní ẹni tí ò bá jókòó níwájú ò lè rí ẹsẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn, orí èèyàn ni wọ́n ń wò.

Bọ́ọ̀dù dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ jó sí. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wo òkè rẹ̀ pátápátá. *Olórí Lékeléke: Àdùkẹ́ Abórìṣàdé.*

Mo tún un kà. Orúkọ ọmọ mi wà nísàlẹ̀, láàárín àwọn ẹyẹ tí yóò máa tẹ̀ lé e. Ó dá mi lójú pé bàbá ẹnìkan ti lọ rí ẹnìkan.

Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé. Inú gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, ó sì gbóná. Gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn lókè pèpéle. Wọ́n fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, àwọn ọmọ jáde, pákó ń dún gbì, gbì, gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin yẹn jáde. Ó tín-ín-rín. Ọrùn rẹ̀ gùn. N kì í purọ́, ó mọ̀ ọ́n jó. N kò rí irú rẹ̀ rí, àní ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n tètè mọ ohun tó ń ṣe mí bí mo ṣe ń wò ó. Ó fò sókè, ó balẹ̀. Eruku sọ lórí pákó. Pákó ò dún.

Bí wọ́n ṣe parí, mo lọ bá Àǹtí Kúnbi. Mo pariwo mọ́ ọn lójú àwọn òbí yòókù. Ó ní Jùmọ̀kẹ́ lòun kọ sójú bọ́ọ̀dù. Mo ní ta ló wá pa á rẹ́? Kò mọ̀. Mo ní ọmọ ta lọmọ yẹn? Ó ní òun rò pé ọ̀dọ̀ Ìyá Wàsílátù, ọ̀kan lára àwọn òbí, ló ti wá. Ìyá Wàsílátù ní òun rò pé láti Èjìgbò ni. A ṣí ìwé orúkọ àwọn ọmọ wò. Kò sí Àdùkẹ́ kankan níbẹ̀. N kò gba wọ́n gbọ́. Mo mọ àwọn onítíátà, irọ́ ò jìnnà sí ẹnu wọn.

Lójú ọ̀nà ilé ni Jùmọ̀kẹ́ sọ ọ́ wẹ́rẹ́.

"Dádì, ó ní kí n yá òun."

"Kó o yá a ní kí ni?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Ó ní kò ní í pẹ́."

N kò bi í mọ́. Ipò olórí ni mo rò pé ó ń sọ.

Ní Sátidé kejì, aago méjì ti bá mi nídìí bọ́ọ̀dù. Ojú mi báyìí ni Àǹtí Kúnbi ṣe kọ orúkọ ọmọ mi sókè bọ́ọ̀dù. Mo dúró tì í bí ọlọ́pàá. Ọ̀gbẹ́ni kan kí mi, mo yíjú láti dá a lóhùn, mo sì yí padà. Àdùkẹ́ Abórìṣàdé. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ṣọ́ọ̀kì yẹn ti pọ́n, ó dà bíi pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Kò parẹ́.

Mo wọlé, mo jókòó sí ìjókòó keje mi, ó tojú sú mi. Mo di ojú mi, mo ń fetí sílẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí. Jùmọ̀kẹ́ já bọ́ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó wà ní kékeré. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wúwo ju tòsì lọ. Gbì, kọ. Gbì, kọ. Láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn, màá mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà láàárín àwọn ọmọ yòókù, ṣùgbọ́n ó ti rẹlẹ̀, bíi ti ẹni tó ń rìn nínú yàrá kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ilé wa fún yín. Ní agbo ilé bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́, bí ọmọ bá jó tó wuni, òbí rẹ̀ á dìde, á fi ìborùn ìyá rẹ̀ so ó nídìí lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá so ó ti sọ pé, èmi ni mo ni ín. Ìdí nìyí tí a kì í fi í so ọmọ ọlọ́mọ. Ní Sátidé kẹta, Felicia ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó bá mi lọ. Mo gba ìborùn pupa rẹ̀, mo ká a sápò. Mo ti pinnu. Ohun yòówù tí bọ́ọ̀dù ìbáà wí, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn pátápátá ni Jùmọ̀kẹ́ ti jó, màá gòkè lọ so ọmọ mi. N kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀dù náà nígbà tí mo ń wọlé.

Ijó dé àárín. NEPA mú iná lọ.

Rẹ́kọ́ọ̀dù kérora, ó dákẹ́. Ilẹ̀ ṣú dùdù. Mo ń gbọ́ èémí Felicia lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó.

Gbì, kọ. Gbì, kọ.

Ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Ó ń jó ijó olórí lékeléke láìsí orin, kò sì ṣì í rárá. Ẹsẹ̀ Àdùkẹ́ kì í dún, nítorí náà kì í ṣe òun. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni. Omi bọ́ lójú mi. Mo fọwọ́ wá ọ̀nà gun pèpéle, mo ń tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ náà títí ọwọ́ mi fi kan ìbàdí. Mo so ìborùn mọ́ ọn. Kókó méjì ni mo ta. Mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́.

"Ọmọ mi nìyí."

Ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó dúró jẹ́ẹ́.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Jùmọ̀kẹ́ kì í pè mí ní Bàbá. Dádì ló ń pè mí.

Iná dé. Ọrùn gígùn Àdùkẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí, ìborùn Felicia wà nídìí rẹ̀. Ó ń wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín. Jùmọ̀kẹ́ wà ní ìpẹ̀kun pèpéle lọ́hùn-ún, ó tẹrí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ọmọ náà yípadà, ó rìn wọ ẹ̀yìn aṣọ pèpéle. Gbì, kọ. Gbì, kọ. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ògiri ló wà lẹ́yìn aṣọ yẹn. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé. A ò rí i, a ò sì rí ìborùn.

A fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà wa, bàtà mi ń ró lórí rẹ̀, ti Felicia ń ró. Jùmọ̀kẹ́ wà láàárín wa. Felicia ló kọ́kọ́ dúró. Ó ní kí Jùmọ̀kẹ́ máa lọ níwájú. Ọmọ náà rìn títí dé ẹnu géètì, lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. A ò gbọ́ nǹkan kan. Felicia di ọwọ́ mi mú.

Oṣù mẹ́ta rè é. Dókítà yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Pásítọ̀ gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ há. Ó ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n kò jó mọ́. Felicia kò dá mi lẹ́bi rí. Ì bá sàn kó dá mi lẹ́bi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so ó, kókó méjì, èmi tí mo mọ ijó ju gbogbo èèyàn lọ.

Ìjẹta ni Àǹtí Kúnbi wá. Kò jókòó. Ó ní òun ti pa ilé ẹ̀kọ́ náà tì. Ó ní òun fi kẹrosíìnì fọ bọ́ọ̀dù yẹn lẹ́ẹ̀mejì, òun dojú rẹ̀ kọ ògiri, nígbà tí òun padà lọ, ó ti kọjú síta. Mo ní kí ló wà lójú rẹ̀?

"Àdùkẹ́ Adéyẹyè," ó wí. "Sátidé, aago mẹ́rin."

Orúkọ ilé mi nìyẹn. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì kan wà nílẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́, ìjókòó keje.

Felicia ní kí n dáná sun ún. Ó ti fi Bíbélì mú mi búra pé n kò ní í lọ, inú Bíbélì yẹn náà ni mo tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì náà sí. Jùmọ̀kẹ́ wà lẹ́yìn àga mi nísinsìnyí. N kò mọ ìgbà tó wọlé. Ọ̀la ni Sátidé. Màá lọ. Kì í ṣe ijó ni mo fẹ́ lọ wò. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ gbọ́.