Aṣọ Funfun Inú Yàrá Muriel

Àlọ́ kọ́ lèyí. Ó ṣẹlẹ̀ sí Muriel, ẹnu òun fúnra rẹ̀ la sì ti gbọ́ ọ.

Ilé ńlá Aldermere ti rí ayé. Ìjòyè kan àti ìran rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìwòsàn àwọn sójà. Ogun parí, ó di ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Àwọn arúgbó ni wọ́n wá ń tọ́jú níbẹ̀ báyìí. Láti ayé ìjòyè títí dé ayé ilé ìwé, ìyá Muriel ló ń lọ aṣọ wọn. Nígbà tí ara Muriel náà di ara àgbà, tó forí lé Aldermere, yàrá tí ìyá rẹ̀ ti ń lọṣọ ni wọ́n fún un. Abẹ́ tábìlì ibẹ̀ lòun àti àbúrò rẹ̀ ti ṣeré dàgbà.

Kò pẹ́ tí òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná fi ń ta á nímú nírọ̀lẹ́.

"Denise, ta ló ń lọṣọ?" Ó bi obìnrin tó ń tọ́jú wọn.

"Màmá, kò sí áyọ́ọ̀nù nínú ilé yìí o. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ nígboro la ń kó aṣọ lọ."

Muriel kò jiyàn. Ó fi búláòsì rẹ̀ tó rún sórí àga, ó lọ mu tíì. Nígbà tó padà dé, búláòsì kò rún mọ́, ó ṣì ń gbóná. Wọ́n ká ọrùn rẹ̀ sínú, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ká a. Ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sunkún.

Cedric, àbúrò rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń ṣarán."

"Ẹnu ẹ gbòòrò. Wá fojú ara ẹ rí i."

Ó wá. Kùrukùru bo pápá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn náà dé. Wọ́n gbọ́ "ṣíì", bí ìgbà tí omi bá kán sórí irin gbígbóná. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ẹnikẹ́ni kò wọlé, ẹnikẹ́ni kò jáde.

Cedric ṣílẹ̀kùn. Aṣọ funfun kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ooru ń jáde lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Nígbà ogun, irú rẹ̀ ni ìyá wọn máa ń lọ sílẹ̀ bí sójà kan bá fẹ́ kú, bó bá ti tutù, sójà náà a kú, òun ni wọ́n sì fi ń bo òkú rẹ̀.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

"Yàrá mi nìyí," Muriel sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Èmi ló ni ín."

"Rárá o. Ẹ ti ń gbébẹ̀ tipẹ́, kò yọ. Ọjọ́ témi dé ló yọ." Cedric gbé aṣọ náà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Gbé e sílẹ̀, Cedric!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n gbé e."

Ó ká a sábẹ́ apá, ó wọ inú kùrukùru lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, òórùn áyọ́ọ̀nù kò ta Muriel nímú mọ́. Ó ń wá a bí ọmọ ṣe ń wá ìyá. Àràárọ̀ ló ń pe Cedric. Bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a sì sọ̀rọ̀ mìíràn. Ní àárọ̀ kan ló wá béèrè.

"Aṣọ yẹn ńkọ́?"

Ó gbọ́ tí Cedric dìde lọ wò ó, tó sì padà sídìí fóònù.

"Kò tíì tutù, ẹ̀gbọ́n mi."