Ọkọ̀ Ogun Tí Wọ́n Pè Lẹ́bọ

Ọkọ̀ kékeré náà ni Suwebat kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó ni ín. Kò gùn ju apá ènìyàn lọ, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú, ìbọn tín-ín-rín yọ níwájú rẹ̀, àwọn ọkùnrin tí kò ju ìka ọwọ́ lọ sì dúró nínú rẹ̀ ṣánṣán. Atẹ́gùn ń tì í bọ̀ lójú ọ̀sà lọ́sàn-án gangan, tààrà síbi tí ọkọ̀ èrò ti ń kó àwọn obìnrin bọ̀ láti Topo wá sí Àgbádárìgì.

Kí lẹ rò pé àwọn obìnrin náà ṣe? Ariwo ta. Ní etí ọ̀sà tiwa, ta ni kò mọ ohun tí ọkọ̀ kékeré tí kò ní atukọ̀ jẹ́? Ẹbọ ni. Ẹnì kan ló gbé e sómi, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án ti gba ọ̀ràn ọlọ́ràn rù. Atukọ̀ ti ń yà fún un. Ṣùgbọ́n Suwebat, ọmọ Alhaji Mùkáílà tó ń ta sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé má ṣe kó má ṣe. Ó nawọ́ gán an, ó gbé e lé orí itan ara rẹ̀. Ó wò ó títí, ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ń jẹ àgbàdo.

Ó ní kí wọ́n wá wò ó, òun kò rí ẹbọ tó ń jẹ àgbàdo rí. Kò sẹ́ni tó wò ó. Gbogbo wọn súnra kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti yọrí nínú omi, ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Orí itan Suwebat ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìbọn yẹn. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ.”

“Ṣé ẹ̀yin lọ̀gá àwọn ọmọ ogun yìí?”

“Èmi ni wọ́n sá fún,” ni ọkùnrin náà wí.

Suwebat bú sẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́ fún yín, inú ẹ̀rín yẹn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Dosu lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gùn ni bàbá rẹ̀, apẹja ará Topo. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí láti inú ìlú Àgbádárìgì, nítorí náà Dosu ń kírun, bí kò tilẹ̀ jí fún ti àárọ̀ nígbà mìíràn. Ọkọ̀ ìpẹja ló ń kàn. Nígbà ogun abẹ́lé, ó wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré ṣọ́ odò ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti há tí ẹ̀ka igi sì ń gbá ènìyàn lójú. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ogun ti parí nígbà tí mò ń wí yìí. Owó epo ń pariwo l'Ékòó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá títì márosẹ̀ tuntun lọ wá a. Dosu kò lọ. Ó ń kan ọkọ̀ ńlá fún apẹja, tó bá ṣíwọ́ a máa kan ọkọ̀ kékeré fún ara rẹ̀.

Ìyá Suwebat ń ṣe òróró àgbọn, Topo ni wọ́n ti ń ra àgbọn. Láti ọjọ́ náà ni àgbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán nílé wọn, ẹnì kan kò sì mọ ìdí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.

Dosu mú Suwebat wọ àtíbàbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Orí pátákó tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó ti tẹ́ odò kan sílẹ̀. Inú pákó ògùrọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ló fi gbẹ́ àwọn ọkọ̀ náà, torí ó fúyẹ́; agolo mílíìkì ló gé ṣe irin ara wọn, wáyà kẹ̀kẹ́ ni ìbọn. Ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ló ká ṣe gbòǹgbò àwọn igi etí omi. Ọkọ̀ mẹ́ta ló fẹ́ kó tò tẹ̀lé ara wọn, bí wọ́n ṣe ń tò láàárọ̀ nígbà ogun. Èyí tó sá lọ lọ́jọ́sí, ó gbé e sómi láti mọ̀ bóyá kò ní fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Suwebat wo odò náà, ó ní ó dára, àmọ́ omi wo ló dúdú bí aró lábẹ́ igi? Ó ní àwọ̀ tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí ló yẹ kó jẹ́. Dosu tún odò kùn látòkèdélẹ̀. Láti ìgbà náà ni Dosu ti ń pè é ní Akọni, Suwebat náà ń pe Dosu ní Ọ̀gá Ológun Tí Wọ́n Sá Fún.

Ohun tí Dosu kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sọ ọ́ fún un. Gbogbo àwọn ọkùnrin kéékèèké yẹn ló ní orúkọ, orúkọ àwọn tí òun àti wọn jọ jagun. Ìgè ni ẹni tó ń jẹ àgbàdo, torí kò sígbà tí ẹnu rẹ̀ ń dilẹ̀. Wọ́n kú sínú odò náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ibà ló sì dá Dosu dúró sí àgọ́ lọ́jọ́ yẹn. Suwebat di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sunkún, Dosu ló tún wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó di pé kó máa lọ, Dosu ní òun fẹ́ràn rẹ̀, òun fẹ́ kó jẹ́ aya òun. Suwebat ní ó ti pẹ́ tóun ti ń retí kó sọ ọ́, àgbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Topo.

Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn obìnrin inú ọkọ̀ èrò kò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí omi bí ọmọ ẹja, ó di erinmi kó tó dé ọjà. Wọ́n ní Suwebat gbé ẹbọ, wọ́n ní omi ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìyá Shamsudeen, tó ti ń tọrọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ìyẹn kò dun Suwebat rárá. Èyí tó dùn ún ni pé Alhaji Mùkáílà gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹbọ gan-an lọmọ òun ń lọ, ọkùnrin tó ń kírun lójú ayé tó sì ń bọ omi lẹ́yìn ilé, tó tún ń gbẹ́ ère.

Alhaji kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló bà á. Suwebat nìkan lọmọbìnrin tó ní. Ó ní kó di ẹrù rẹ̀, Ìsẹ́yìn ló ń lọ lọ́dọ̀ àbúrò òun, bí Jímọ̀ọ̀ bá ti kọjá.

Suwebat sáré lọ sí Topo, ó bẹ Dosu pé kó gbé iṣẹ́ náà wá síta kí gbogbo ayé rí i. Dosu mi orí. Ó ní òun ò ṣe é fún ìran wíwò, àwọn ènìyàn á máa fi Ìgè rẹ́rìn-ín.

“Àwọn tó ti kú lẹ ń dá ààbò bò. Èmi tí mo wà láàyè ńkọ́?”

“Suwebat, mi ò lè pe orúkọ wọn láàárín ọjà. Ohùn mi ò ní jáde.”

“Ó dáa. Ẹ máa gbé pẹ̀lú wọn.”

Ó wọkọ̀ padà. Kò bojú wẹ̀yìn, ọkàn rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

Ọjọ́ Sátidé bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Suwebat ń ti aṣọ bọ àpò nínú ilé nígbà tó gbọ́ tí ìta dàrú, tí àwọn obìnrin ń ké pé wọ́n ń gbé ẹbọ ńlá bọ̀ láti etí omi, kí oníkálukú di ojú. Ọ̀nà ti dá páropáro. Ṣùgbọ́n ohùn kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà, ó ga, ó ń gbọ̀n.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá Comfort. Ara ọmọ ti yá?”

Suwebat mọ ohùn náà. Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Dosu ni, ó ru odò lódindi lérí, òógùn bò ó. Bó ṣe ń rìn ló ń kí ènìyàn. Ó kí àwọn Ẹ̀gùn lédè Ẹ̀gùn, ó kí àwọn tó ti sá sẹ́yìn ìsọ̀ lórúkọ wọn. Ìyá àgbà Fàúsátù, tí kò lè sáré, bi í léèrè ìyá rẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, ó dáhùn, ó tún bi í nípa orúnkún rẹ̀. Àwọn tó sá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaji Mùkáílà ti jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Suwebat ń wo ojú bàbá rẹ̀. Ó rí i tí ojú náà le, tó tún ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí bàbá fi mí kanlẹ̀.

“Ẹni tó ru ẹbọ kì í kí ènìyàn,” ni Alhaji wí fún àwọn tó dúró tì í. “Kì í dáhùn, kì í dúró lọ́nà. Èyí ti kí títí dé orí orúnkún Fàúsátù. Ẹ gbà á sọ̀.”

Wọ́n bá a sọ̀ ọ́ sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn ènìyàn pagbo. Dosu nawọ́ sí àwọn ọkùnrin kéékèèké náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ, ó ń sọ ìlú tí wọ́n ti wá. Nígbà tó kan Ìgè, ohùn rẹ̀ há. Suwebat ló la agbo kọjá, ó dúró tì í lójú bàbá rẹ̀ àti lójú gbogbo ọjà.

“Ìgè ni èyí,” ló sọ fún wọn. “Ó fẹ́ràn àgbàdo.”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Alhaji béèrè bóyá Mùsùlùmí ni wọ́n. Dosu ní àwọn kan ni, àwọn kan kì í ṣe é. Alhaji ní Ọlọ́run ló mọ tirẹ̀, ó tẹ́wọ́, ó ṣàdúrà fún gbogbo wọn, ọjà ṣe àmín. Dosu sunkún níbẹ̀, ojú kò tì í. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù ọdún mẹ́jọ.

Alhaji jẹ́ kó nu ojú tán.

“Dosu, o ti kí gbogbo Àgbádárìgì. Ó ku ẹnì kan tí o ò tíì kí.”

Dosu wò yí ká, ó dà á láàmú. Ó ní kí wọ́n má bínú, ta ni?

“Àna rẹ,” ni Alhaji wí. “Lẹ́yìn ààwẹ̀ la ó so yìgì.”

Dosu dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku sìmẹ́ǹtì, Suwebat fi ìbòrí bojú, ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀ mọ́ ara wọn. Alhaji kò tètè ní kó dìde. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin inú ọkọ̀ èrò, tí gbogbo wọn wà nínú agbo, rí i dáadáa.