Káàdì Tó Bọ́ Sínú Àpótí

Ìdọ̀bálẹ̀ ni bíríkìlà kan wà nígbà tí ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí i, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó ń kí ẹnikẹ́ni. Ó fi àyà lélẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ọ́fíìsì, ó di ojú kan, ó sì ń fi èkejì wo okùn funfun kan tí wọ́n nà láti orí búlọ́ọ̀kù kan dé òmíràn. Sìmẹ́ǹtì wà nínú irun rẹ̀, ó wà ní etí rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín músẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹni tí nǹkan ń lọ déédéé fún. Ọmọbìnrin náà, tó ń gbé àpótí káàdì jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ń wò ó, kò sì wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ mọ́. Okùn náà já.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ó sọ.

"Kò sí wàhálà. Láìnì mi nìkan lẹ já, ẹ ò gé mi lẹ́sẹ̀."

Ẹlòmíràn ì bá tún bẹ̀bẹ̀ sí i. Òun gbé àpótí kalẹ̀, ó fa pẹ́ńsùlù yọ láti inú irun rẹ̀. "Kí lẹ pè é?"

"Láìnì. Òun la fi ń mọ̀ pé ògiri ò wọ́."

"Ẹ tún un sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Bíríkìlà náà dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà. "Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?"

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọ́fíìsì yẹn. Ìwé atúmọ̀ ni wọ́n ń kọ, èyí tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di ti gbogbo wa. Bàbá ọmọbìnrin náà ni ọ̀gá ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ta-ló-sọ-bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, torí pé kò gbà kí ìtumọ̀ kankan wọnú ìwé rẹ̀ àfi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti lò ó nínú ọ̀rọ̀ gidi. Wọ́n á kọ ohun tí ẹni náà sọ sórí káàdì gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á kọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á kọ ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ fi dáhùn, kó lè hàn pé ọ̀rọ̀ yé e.

Láìnì ni ọ̀rọ̀ oṣù yẹn. Ọmọbìnrin náà ti rí láìnì fóònù, láìnì tí èrò ń tò sí ní báńkì, láìnì tí a ń sá aṣọ sí, àti láìnì iṣẹ́ tí kálukú yàn. Ti bíríkìlà ni kò tíì ní.

Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò ìsinmi, ó gbé àga jáde sí ẹ̀yìnkùlé. "Ó ku ẹni méjì tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́," ni ó wí.

"Èmi nìkan ni mo wà níbí. Ṣé kí n yí ohùn padà?"

"Ìrẹ́jẹ nìyẹn."

"Ẹ jókòó nígbà náà, bóyá èkejì máa yọjú."

Kò sí ẹni tó yọjú, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ìsinmi fi tán. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn ní "ìwọ". Mi ò ní parọ́ fún yín, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré ló yẹ kí ògiri yẹn jẹ́. Bíríkìlà á to búlọ́ọ̀kù márùn-ún, á takété, á ní ọ̀kan ò dọ́gba, á sì tú u palẹ̀. Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó bi í bóyá odi ìlú ló ń mọ.

"Mo fẹ́ kó lálòpẹ́ ni, sà," ni bíríkìlà fèsì, ọmọbìnrin náà sì fi káàdì bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

"Gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ló wà lọ́wọ́ rẹ," ni bíríkìlà sọ fún un lẹ́yìn náà. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lò ń sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń to káàdì rẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í sọ púpọ̀. Láti kékeré ló ti ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nìkan, inú ìwé ni ojú àwọn méjèèjì sì máa ń wà.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, bíríkìlà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀gá mi ti gba iṣẹ́ ilé ìwé kan lókèèrè. Oṣù mẹ́fà ni. Ọjọ́ Ajé la máa lọ."

"Ó dáa," ni ọmọbìnrin náà sọ, bẹ́ẹ̀ kò dáa lára rẹ̀ rárá.

"Mo mọ̀ pé àwọn tó jù mí lọ á ti máa wá sílé yín. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó fẹ́ fi ẹ́ ṣaya bá tò sí láìnì, àyànfẹ́ mi, màá sùn síbẹ̀ títí á fi kàn mí."

Ọmọbìnrin náà fa pẹ́ńsùlù yọ láti inú irun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lára. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì, ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ ẹni tó sọ ọ́, àti ọjọ́. Níbi tí èsì máa ń wà, ó kọ ọ́ pé, "Èmi náà fẹ́ ẹ, àfẹ́dénú." Nígbà náà ni wọ́n pè é láti inú ọ́fíìsì. Ó sáré wọlé, ó ju káàdì náà sínú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù. Bíríkìlà dúró síbẹ̀, kò gbọ́ èsì kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá máa ń ka káàdì ọ̀sẹ̀ sókè fún ọmọ rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ méjì yòókù. Ó ka ti awakọ̀ kan, ó ka ti nọ́ọ̀sì kan. Ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ó kà á dé "títí á fi kàn mí", ó ní ìlò yẹn dùn mọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló ka èsì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bíríkìlà ẹ̀yìnkùlé ni."

"Ta ló dá a lóhùn?"

Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

"Èmi ni, Bàbá mi." Ọdún keje rèé tó ti ń bá a ṣiṣẹ́, "sà" ló sì máa ń pè é ní ọ́fíìsì.

Bàbá ní kí àwọn yòókù bọ́ síta. "Mo rán ẹ nílé ìwé dé òpin, kó o wá lọ fẹ́ bíríkìlà tí kò kàwé púpọ̀? Mi ò fọwọ́ sí i." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jọ padà sílé.

Ọmọbìnrin náà wọ yàrá, ó sunkún tẹ́rùn. Inú ń bí i sí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọ́fíìsì ti mọ̀ pé ó nífẹ̀ẹ́ bíríkìlà, àfi bíríkìlà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, bíríkìlà kan ilẹ̀kùn ilé wọn. Ó ti fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lára, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ó kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ, sà, mi ò sì fẹ́ yọ́ lọ bí olè. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Mi ò mọ̀ bóyá òun náà fẹ́ràn mi."

"O ò mọ̀?"

"Kò dá mi lóhùn, sà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu bàbá, ó gbé e mì. "Ìwé mélòó lo kà?"

"Mẹ́fà, sà. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló ń kọ yín lóminú, mo lè máa kà sí i nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, kí n má bàa máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe."

Bàbá jókòó. "Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi àti òun la jọ ń jẹun láràárọ̀. Bó o bá mú un lọ, ta ni màá máa bá jẹun? Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi. Kì í ṣe ti ìwé."

Ọmọbìnrin náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Ó jáde, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mi ò ní lọ síbi tẹ́ ẹ ò ti ní máa rí mi, Bàbá mi."

"Mo gbọ́," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń retí èsì. Má kọ ọ́ sórí káàdì mọ́. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Ó gbójú sókè. "Mo fẹ́ ẹ," ni ó sọ fún bíríkìlà. Ó gbé ohùn sókè, ó tún un sọ. "Mo fẹ́ ẹ gan-an. Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ, kó o tètè bọ̀."

Bíríkìlà ò mọ ibi tó máa fi ojú sí. "Ṣé mo lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i?"

"O ti gbọ́," ni bàbá wí. "Jókòó, kó o sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé fún mi."

"Kò ní jìnnà, sà. Àdúgbò yìí náà ni."

Oṣù mẹ́fà pé, bíríkìlà dé, wọ́n sì lọ ṣe ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn mú dáadáa. Bàbá ló mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkọ ìyàwó, ó yẹ kó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Akọ̀wé ìjọba wo aago, ó wúkọ́. Bíríkìlà rọra yí sí akọ̀wé náà, ó ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí bàbá àwọn ṣì di ọwọ́ náà mú, àwọn ò kánjú.