Ẹlẹ́dẹ̀ Abẹ́ Òrùlé Ọ̀gá Meng

Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni Bowen wá rà lọ́wọ́ bàbá mi tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, kí wọ́n lè fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì ìkọ̀wé. Bàbá tirẹ̀, Ọ̀gá Meng, ló ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára pátákó ìsọ̀ fún gbogbo ìlú wa, Anyang, nílẹ̀ China.

Mo ní n kò mọ̀wé. Bowen fi igi ya òrùlé sórí ilẹ̀, ó ya ẹlẹ́dẹ̀ oníkùn ńlá sábẹ́ rẹ̀.

"Cuilan, bí a ṣe ń kọ 'ilé' nìyí. Bí àwọn ará àtijọ́ ṣe fín in sára egungun nìyẹn. Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì dé, ikùn lọ, ẹsẹ̀ di ìlà. Òun náà la ṣì ń kọ."

"Ẹlẹ́dẹ̀ yín wá rù bí ẹni tó ń gbààwẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bowen sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi lòun máa fẹ́. Ọ̀gá Meng wá sílé wa, ó fi apá aṣọ bo imú.

"Hou," ó pe bàbá mi, "ọmọ rẹ ń rùn. Kò ní wọ abẹ́ òrùlé mi láé."

Bàbá mi sunkún. Èmi kò sunkún, orin ni mò ń kọ nídìí ẹran:

Ẹni tó bú baba mi,
Ẹ má bá a bẹ̀ mí o,
Inú mi kò tíì rọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé pátákó ilé èrò tuntun kọ́, gbogbo àgbà pé. 'Ilé' ni Ọ̀gá Meng gbẹ́ síbẹ̀, bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́, ó ń fọ́nnu. Mo bọ́ síwájú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kí lẹ gbẹ́ sábẹ́ òrùlé yẹn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni," arúgbó kan dáhùn.

"Ṣé kò rùn ni? Ẹ yọ ọ́ kúrò, ká wo ohun tó máa kù."

Ẹ̀rín gbòde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọ̀gá Meng ní Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀.

Nígbà tí ìtìjú náà pọ̀ fún un, ó rán alárinà wá pé òun ti gbà kí Bowen fẹ́ mi. Mo ní èmi kò gbà. Àfi kí Bowen wá gbé nílé wa, kí àwọn ọmọ wa máa jẹ́ Hou, orúkọ ìdílé wa, dípò Meng. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Meng bí nìyẹn.

"Cuilan, o le o," Bowen wí.

"Ṣé o ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?"

"Mo ń bọ̀, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n o le."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ọ̀gá Meng fúnra rẹ̀ ló mú Bowen wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá mi dìde, ó fún un ní ìjókòó tirẹ̀.

Èmi kò dìde. Mo jókòó ti ọkọ mi, inú mi ń dùn, mo sì jẹ́ kí Ọ̀gá Meng kí mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn.