Nọ́ńbà Tó Tẹ̀lé Ọjọ́ Ìbí Waheedat

Àwọn fijilánté ló gbọ́ ẹkún, tí wọ́n já àgádágodo, tí wọ́n bá Waheedat nínú yàrá ẹ̀yìn ilé Jẹ́ẹ́dé awakọ̀, nílùú Ṣakí, lójú ọ̀nà ẹnubodè. Wọ́n tì í mọ́bẹ̀ bí àgbò iléyá! Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, kò rí i pé òun ti bọ́. Àǹtí Mùyìbátù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó mú un wá láti Komu, ti jókòó síbẹ̀ dè é.

Inspẹ́kítọ̀ Mọ́ládé bi í pé, "Ọmọ mi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Waheedat wolẹ̀. Àǹtí ti fi Àlùkùránì mú un búra: bó bá sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn á kú. Bó bá sì dákẹ́, ọlọ́pàá á kà á sí àgbà, Àǹtí á sì gbé e gba Kútọnu lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá. Ta ló lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì?

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni," Àǹtí bá a dáhùn.

"Ọ̀gá, awakọ̀ lásán ni mí o!" Jẹ́ẹ́dé, tí àwọn fijilánté mú wá síbẹ̀, figbe ta. "Wọ́n ní kí n bá wọn fi í pamọ́ ni."

"Gbẹ́nu dákẹ́! Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Mọ́ládé yíjú sí Àǹtí. "Ẹ̀yin mà, ṣé ọjọ́ ìbí inú ìwé ìrìnnà rẹ̀ tí ẹ mú wá yìí dá yín lójú?"

"Ha! Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2004. Ìwé náà ò sì kúrò nínú báàgì mi rí."

Mọ́ládé fi bírò tọ́ka sí ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, tó kún fún lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì bí orí ọfà.

"Ẹ̀rọ ló ń ka èyí. Ọjọ́ ìbí nìyí: 040314. Nọ́ńbà kan tẹ̀lé e, márùn-ún. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi méje sọ nọ́ńbà kìíní di púpọ̀, ẹ fi mẹ́ta sọ ìkejì, ẹ fi ọ̀kan sọ ìkẹta, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́ta yòókù. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà tó bá kẹ́yìn àpapọ̀ náà ni ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́. Ogójì lèyí jẹ́. Òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí ni márùn-ún ń wá?"

"Àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ojú ìwé mọ́ tónítóní, àfi nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún, tẹ́nìkan fi abẹ ha, tó sì tún un kọ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi ẹẹ́sàn-án sípò ẹẹ́rin yẹn, ó di márùndínlọ́gọ́ta. Kò sí nọ́ńbà míì tó lè bá ẹlẹ́rìí mu níbẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni! Ẹni tó ha á ò mọ̀ pé ó yẹ kóun yí ẹlẹ́rìí náà padà. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ ní ìwé ò kúrò lọ́wọ́ yín. Ta ló tún kù tó lè ha á, mà?"

Àǹtí fò dìde sí Waheedat. "Ìwọ lo sọ fún wọn! O ti da ìbúra! Ìwọ lo pa ìyá ẹ!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ náà gbójú sókè wò ó. "Àǹtí, mi ò sọ nǹkan kan."

"Òótọ́ ló sọ," ni Mọ́ládé wí. Ó ní kí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Àǹtí àti Jẹ́ẹ́dé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló na fóònù rẹ̀ sí Waheedat. "Pe ìyá rẹ."

Fóònù náà dún títí.

"Ta nì yẹn?" ohùn ìyá rẹ̀ bọ́ sí i létí láti Komu.

"Màámi," ni Waheedat wí, ẹkún ò sì jẹ́ kó lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.