Igi Tí Ìwé Kò Kà sí Rírọ̀

Ìṣó kẹrin ni Akínbọ̀dé ń fà yọ lára ògiri ìsọ̀ pákó rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan fò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó na ìwé ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ẹni ń dá mọ́tò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró! Ta ló fa àwọn ìlà yẹn sára pákó?"

Eruku ọ̀nà Owódé ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di pupa. Akínbọ̀dé gbàgbé ìṣó tó wà lẹ́nu òòlù.

"Bàbá mi ni. Ìlà kan, ọkọ̀ igi kan. Nígbà tí wọ́n kú, mo ń fà á lọ."

Fẹ́yìsetán lorúkọ obìnrin náà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi òwò igi rírọ̀ ilẹ̀ wa wé ti Kùtọnù, láti ọdún dé ọdún. Iye tí wọ́n kọ lọ́hùn-ún kò bá tibí mu. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wá ìyókù.

"Ṣé igi rírọ̀ ni gbogbo èyí?"

"Igi rírọ̀ ni. Èékánná á wọ̀ ọ́."

Ó kà wọ́n, ó lọ.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ti ibodè tó lọ sí Kùtọnù. Pákó kò wọlé mọ́. Ògiri yìí nìkan ló kù fún Akínbọ̀dé láti tà, torí páìnì ni, páìnì sì ti di ọ̀wọ́n. Mùnírù káfíńtà fẹ́ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin náà padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bà mí níṣẹ́ jẹ́. Ẹ ka arère mọ́ ọn."

"Ṣé arère kò rọ̀ ni?"

"Ó rọ̀ lọ́wọ́. Ìwé kò kà á sí rírọ̀. Igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bíi páìnì."

"Ìwé yín le ju ìrókò lọ, àǹtí."

Ó fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde.

Wọ́n jókòó ti ògiri. Obìnrin ń béèrè, ọkùnrin ń rántí ìlà tó jẹ́ arère.

"Méje yìí ńkọ́?"

"Arère ilẹ̀ wa. Ọdún yẹn ni ìyàwó mi kú. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé Kùtọnù."

Fẹ́yìsetán kọ ọ́ sílẹ̀: arère, méje.

Gbogbo Sátidé ló ń wá, pẹ̀lú iṣu sísun nínú àpò. Nígbà tó ku pákó mẹ́ta láti kà, kò sí ẹni tó ń yára mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

"Fẹ́yì, iṣẹ́ yìí ń parí lọ. Kí ni wàá tún wá ṣe ní Owódé?"

"Ẹ sọ ọ́ jáde, Akin. Àbí arère ni mo jẹ́, tí ẹ kò fẹ́ kà mí mọ́ ọn?"

"Mo kà ọ́ mọ́ ọn."

Ìyá Fẹ́yìsetán, Màmá Àṣìkẹ́, ní Òkè-Ọ̀dàn, kò gbà.

"Onípákó tí kò ní pákó! Kí ló fẹ́ fi fẹ́ ọ, ìṣó?"

Fẹ́yìsetán kò wá ní Sátidé méjì. Ebi sì dé. Akínbọ̀dé ta ògiri náà fún Mùnírù. Ó fi pákó mẹ́ta tí wọn kò tíì kà sílẹ̀.

Iṣẹ́ ilẹ̀kùn gbé Mùnírù dé ọ̀dọ̀ Màmá Àṣìkẹ́. Ó ń ráhùn bó ṣe ń fá igi.

"Ọkùnrin kan ń mu gààrí lásán ní Owódé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí nítorí pákó mẹ́ta, ó kọ̀. Ó ní obìnrin kan kò tíì kà á tán."

Màmá gbé ọ̀bẹ tó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

"Fẹ́yìsetán! Sọ fún un kó wá. Tí kò bá ní nǹkan kan, kó má gbé nǹkan kan wá."

Àgbàlá Màmá ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè ní ìparí ọdún 2020, pákó mẹ́ta ló dúró níbi tí ìsọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Ìlà ọdún 2019 lára wọn kò ju mẹ́jọ lọ; láti ìgbà tí wọ́n ti ibodè, Akínbọ̀dé kò fa ìkankan mọ́.